« Toujours pas » tàbí « pas toujours »: Ta Ni Ó Ń Ba Faransé Àwọn Ọmọ Wa Jẹ́?

Ní ìpàdé gbogboogbò tí a ṣe kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa dìde, ó sì dá àbá kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún. Ó ní kí a fi òfin de Yorùbá nínú kíláàsì àfikún tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe fún àwọn ọmọ lásìkò ìsinmi. Láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà, kí ó jẹ́ Faransé nìkan, nítorí pé Yorùbá ni ó ń ba Faransé àwọn ọmọ wa jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ lásán. Ó mú ìwé iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ka gbólóhùn mẹ́rin tí olùkọ́ fa ìlà pupa sí nídìí:

« Je n'ai vu rien. »
« Il n'est revenu plus. »
« Elle a mangé bien. »
« Je n'ai vu la mer jamais. »

Ó wá bi wá pé: "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé kì í ṣe Yorùbá ni ọmọ yìí wọ aṣọ Faransé fún?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ti ṣú, a kò ráyè sọ̀rọ̀ mọ́, a sì sún ìdìbò sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ohun tí bàbá ọmọ náà rí, òótọ́ ni ó rí. N kò rí nǹkan kan; kò padà wá mọ́; ó jẹun dáadáa; n kò rí òkun rí. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà gbé sí ẹ̀yìn ní Faransé ni àwa náà ń gbé sí ẹ̀yìn ní Yorùbá. Àrùn náà hàn gbangba. Oògùn tí ó júwe fún un ni mo ta kò, nítorí pé oògùn náà yóò gba irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí a lè fi wo àrùn ọ̀hún sàn lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí Faransé ń béèrè. Nínú « passé composé », ọ̀rọ̀-ìṣe pín sí méjì: « avoir » tàbí « être » ṣáájú, « participe passé » tẹ̀ lé e. Àlàfo kékeré kan wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín yàrá méjì. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni gbogbo ẹjọ́ wa wà. Ibẹ̀ ni « pas » ń gbé. Ibẹ̀ ni « plus », « jamais » àti « rien » ń gbé. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kúkúrú bíi « bien », « mal », « trop », « déjà » àti « souvent » sábà máa ń wà. « Ne » ní tirẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, níwájú « avoir » tàbí « être ». Bí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ bá wà, àárín wọn ni yóò há sí: « je ne l'ai pas vu ». Àwọn ọ̀rọ̀ tí ń tọ́ka sí ọjọ́ àti ibi, « hier », « ici », « là-bas », àti « tôt » pẹ̀lú « tard », kì í wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn « participe » ni àyè tiwọn: « elle est arrivée hier », gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń sọ pé ó dé lánàá. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí ó parí sí « -ment » ní ìwà tiwọn: « lentement » fẹ́ràn ẹ̀yìn, « complètement » fẹ́ràn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú òfin náà nìyẹn, kò sì ju ìpínrọ̀ kan lọ. Kí ló wá dé tí ọmọ tí ó ti lo ọdún mẹ́jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣì í?

Nítorí bí a ṣe ń kọ́ ọ ni. Olùkọ́ yóò to ọ̀rọ̀ ogójì sára pátákó, yóò ní kí ọmọ kọ́ wọn sórí: « bien, mal, mieux, trop, assez, déjà, toujours, souvent »... bí ẹni ń pe orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo na ọmọbìnrin kan nítorí « je n'ai vu rien ». N kò sọ fún un rí ìdí tí ó fi ṣẹ̀. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ó ti mọ púpọ̀ nínú ètò náà kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ wò ó.

Ó ti lọ: « il est déjà parti ».
N kò tíì jẹun: « je n'ai pas encore mangé ».
Ó tún sọ ọ́: « il l'a encore dit ».
Ó kọ́kọ́ kí wa: « il nous a d'abord salués ».
Ó tilẹ̀ bú mi: « il m'a même insulté ».
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ náà: « il a presque fini le travail ».
Ó kàn rẹ́rìn-ín: « il a simplement ri ».

Ti, tíì, tún, kọ́kọ́, tilẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́, kàn: gbogbo wọn ni ó dúró láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, níwájú ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìtumọ̀ iṣẹ́ náà ró. Ní Faransé, « participe » ni ó gbé ìtumọ̀ iṣẹ́ ró, iwájú rẹ̀ náà sì ni « déjà », « encore », « d'abord », « même », « presque » àti « simplement » dúró sí. Ẹ wo « je n'ai pas encore mangé » dáadáa: ìyísódì ṣáájú, « encore » tẹ̀ lé e, oúnjẹ kẹ́yìn. N kò tíì jẹun: kò ṣáájú, tíì tẹ̀ lé e, oúnjẹ kẹ́yìn. Àwọn ìbátan wa tí ó wà lódìkejì ẹnubodè, ní Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò rí irú ẹ̀bùn yìí gbà, nítorí ìparí gbólóhùn ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún tíì sí. Àwa rí i gbà, a sì fẹ́ dà á nù.

Nítorí náà, ọmọ tí ó bá kọ « il est parti déjà » sínú ìwé rẹ̀, Yorùbá kọ́ ni ó tàn án. Bí ó bá tẹ̀ lé Yorùbá ni, kì bá ti gbà.

N kò sọ pé ètò méjèèjì bá ara wọn mu níbi gbogbo. Ó tètè dé, « il est arrivé tôt ». Ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ọ, « il l'a cassé exprès ». Níbẹ̀, tiwa wà níwájú, ti Faransé wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjàǹbá gan-an ti ń ṣẹlẹ̀ kò pọ̀ tó bí a ti rò. Láti ọdún tí mo na ọmọbìnrin yẹn ni mo ti ní ìwé kékeré kan tí mo ń kó àṣìṣe àwọn ọmọ jọ sí, bí ẹlòmíràn ṣe ń kó òwe jọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́fà péré ni ó ń padà wá léraléra: dáadáa, púpọ̀, tán, rí, mọ́, àti nǹkan kan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń gbé ní Yorùbá. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn ẹnìkejì wọn ń gbé ní Faransé. Ó jẹun dáadáa, « il a bien mangé ». Ó ṣiṣẹ́ púpọ̀, « il a beaucoup travaillé ». Ó jẹ ẹ́ tán, « il a tout mangé ». N kò rí òkun rí, « je n'ai jamais vu la mer ». Kò padà wá mọ́, « il n'est plus revenu ». N kò rí nǹkan kan, « je n'ai rien vu ».

Mẹ́fà ni, kì í ṣe ogójì. Gbogbo ìlà pupa tí ó wà nínú ìwé tí wọ́n kà fún wa ní ìpàdé, inú àwọn mẹ́fà yìí ni ó ti wá. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ pé, "Nígbà tí o bá gbọ́ mọ́ tàbí rí nínú ọkàn rẹ, má jẹ́ kí ó dúró dé òpin, fà á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀," ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ bí a bá ti fi òfin gba mọ́ àti rí kúrò lẹ́nu rẹ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kórìíra ju èyí lọ. Ọmọ yóò kọ « je n'ai mangé », yóò sì fi kálámù sílẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. « Pas » dà? Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń yí gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sódì, kò ni, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ó ń wà. Ọmọ rí « ne » níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní kò nìyí, ó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn Faransé fúnra wọn ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí fún ìgbà pípẹ́. Láyé àtijọ́, « ne » nìkan tó fún wọn. « Pas » jẹ́ ìṣísẹ̀: ẹni tí kò rìn a ní òun kò rin ìṣísẹ̀ kan. Wọ́n ń lo « mie », èérún búrẹ́dì. Wọ́n ń lo « goutte », ẹ̀kán omi. Wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń fi rárá kún kò wá. Nígbà tí ó pẹ́, « pas » borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀ranyàn, ó sì gba iṣẹ́ náà mọ́ « ne » lọ́wọ́ dé ibi pé lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Faransé lónìí, « ne » ti ń pòórá: « j'ai pas vu ». Otto Jespersen, ọ̀mọ̀wé ará Denmark, ṣàlàyé irú àyípoyípo yìí nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1917. Àpá ìgbà tí « ne » ń dá ṣiṣẹ́ ṣì wà nínú Faransé tí a ń kà nínú ìwé: « je ne sais », « je n'ose », « il ne cesse ». Ọmọ tí a ń nà yẹn, ọ̀nà tí èdè náà fúnra rẹ̀ ti gbà kọjá ni ó ń rìn, ó kàn pẹ́ kí ó tó dé ni.

« Rien » náà ní ìtàn tirẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí nǹkan ni ó ti wá. « Personne », ènìyàn ni. Bí a bá tú « je n'ai rien vu » palẹ̀, n kò rí nǹkan ni a ó bá nínú rẹ̀. Bí a bá tú « je n'ai vu personne », n kò rí ènìyàn. Bí Yorùbá ṣe ń ronú gan-an nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé « rien » ti di ọmọ ilé, ó ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ jókòó, nígbà tí « personne » ṣì jẹ́ àlejò tí ó dúró sí ẹ̀yìn « participe », ní àyè àbọ̀, níbi tí Yorùbá ń fi ẹnikẹ́ni sí. « Nulle part » náà ń bẹ níta pẹ̀lú rẹ̀: « il n'est allé nulle part ». Bí mo bá ń kọ́ ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá, gbólóhùn kan tó fún mi: fún « personne », tẹ̀ lé Yorùbá rẹ, fún « rien », má tẹ̀ lé e. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ ọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n ní kí ó kọ́ ọ sórí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìdánwò lásán ni mo ń sọ, pé ààmì ìdajì ni ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn bàbá àgbà kan fún yín, aládùúgbò mi ní Kétu, tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò wọlé fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó ti Kútọ̀nú wá lo ìsinmi, tí ó wà ní « troisième », ni ó ní kí ó bá òun kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọkùnrin yìí ni àwọn òbí rẹ̀ ti pinnu pé Faransé nìkan ni àwọn yóò máa bá a sọ, kí ahọ́n rẹ̀ lè mọ́. Bàbá ní: "Kọ ọ́ sí wọn pé n kò tíì rí owó mi gbà síbẹ̀." Ọmọ náà kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó dára: « Je n'ai pas toujours reçu ma pension. »

Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní ó dun àwọn pé owó máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, pé kí bàbá ṣe sùúrù. Ó gbé ìwé náà wá bá mi. Mo béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ, mo kà á, mo sì mọ̀ pé ẹni tí ó dáhùn ní ọ́fíìsì kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni ó kà. « Je n'ai pas toujours reçu »: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo rí i gbà. « Je n'ai toujours pas reçu »: títí di òní, n kò tíì rí i gbà. Bàbá ń kígbe pé ebi ń pa òun. Lẹ́tà rẹ̀ ń sọ pé òun máa ń jẹun, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́.

Ó ní: "Ọmọ mi, ṣé ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó jókòó sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó fi oṣù méjì kún ìyà mi?"

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ẹ ronú sí i. Ní Yorùbá, kò sí ọ̀nà tí ènìyàn fi lè ṣi èyí sọ. N kò tíì gbà á. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo gbà á. Ọmọ ọdún márùn-ún kò lè fi ọ̀kan pe èkejì. Faransé ni ó fi ọ̀rọ̀ kan náà ṣe méjèèjì, tí ó wá fi àyè ìjókòó nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin rẹ̀ kò sì le: ohun tí ó bá wà lẹ́yìn « pas » wà lábẹ́ àṣẹ « pas », ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. « Il n'a pas vraiment compris »: kò fi bẹ́ẹ̀ yé e. « Il n'a vraiment pas compris »: kò tilẹ̀ yé e rárá. « Il n'a peut-être pas payé »: bóyá kò sanwó, níbi tí bóyá wà níwájú kò gẹ́gẹ́ bí « peut-être » ṣe wà níwájú « pas ». Nínú ẹ̀rí ní kóòtù, nínú ìwé dókítà, nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀, àyè ìjókòó yẹn lè gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Mo pe ọmọkùnrin náà. Mo ní kí ó fi Yorùbá tún ohun tí bàbá rẹ̀ àgbà sọ wí fún mi. Kò lè wí i. Ó ti gbọ́ síbẹ̀, ó mọ̀ pé « toujours » lè dúró fún un, ó sì sọ ọ́ sí ibi tí « encore » ì bá wà. Tíì tí ó wà nínú gbólóhùn náà, tí ì bá ṣí i létí, kò gbọ́ ọ rárá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí fi Faransé ṣàlàyé Faransé fún un, « la portée de la négation », « la place de l'adverbe », ó sì ń mi orí sí mi bí alángbá. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó gbà wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n tọ́ ní Kétu, tí ó jókòó tì wá tí ó ń gbọ́, ti mọ ọ́n láti ìṣẹ́jú kìíní, nígbà tí mo sọ pé, "Èwo ni bàbá sọ, kò tíì ni, tàbí kì í ṣe gbogbo ìgbà?"

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tí a tọ́ sínú Faransé nìkan ń sọ ọ́ geere. N kò jiyàn. Wọn kì í sábà kọ « je n'ai vu rien », etí wọn kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n etí nìkan ni wọ́n ní. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ní òpópónà ni wọn yóò kọ, « j'ai pas vu » láìsí « ne », bí « toujours » bá sì sún díẹ̀, etí kò ní sọ fún wọn. Ẹni tí ó ní èdè méjì tí ó mọ ibi tí wọ́n ti pàdé àti ibi tí wọ́n ti pínyà ní ohun tí ó lè fi wọn ọ̀rọ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́.

Àwọn mìíràn ní olùkọ́ lè wá láti ibòmíràn, kí ó má gbọ́ Yorùbá, pé kíláàsì ní Àjàṣẹ́ kún fún ọmọ Ègùn àti ọmọ Yorùbá pọ̀. Òótọ́ ni, fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Kíláàsì tiwa ńkọ́, tí ẹgbẹ́ Yorùbá dá sílẹ̀, tí àwọn ọmọ wa jókòó sí, tí olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Pọ́bẹ̀ àti ọmọ Sákétè? Ta ni a ń tan jẹ? Ẹni tí ó sì sọ lábẹ́lẹ̀ pé Yorùbá kò ní gírámà tí a lè fi wé ti Faransé, kí ó rántí pé Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1852, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì tẹ tirẹ̀ ní 1966. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a lò ó.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú àbá náà ni pé a ti gbọ́ ọ rí. Àṣẹ tí ìjọba amúnisìn pa ní 1924 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọn sọ pé Faransé nìkan ni kí a máa lò níbẹ̀. Àwọn àgbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa mọ « signal », ohun ìtìjú tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀, tí yóò wà lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi rí ẹlòmíràn mú. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo wa ní òmìnira láti lo èdè wa lẹ́nu àti nínú ìwé. Ìjọba ti gbé òfin náà kúrò lọ́rùn wa. Àwa fúnra wa ni a fẹ́ lọ mú un padà, kí a fi kọ́ ọmọ wa lọ́rùn, nínú yàrá tí a fi owó ẹgbẹ́ wa háyà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, mo sì rí ọwọ́ mélòó kan tí ó gòkè lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Atakpamé, ẹ má ṣe dúró de ìdìbò wa. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ gbólóhùn Faransé kan nípa ohun tí ó ti kọjá, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn yín, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí. Bí ó bá wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ṣeé ṣe kí ó wà ní àyè rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tí mo kà sílẹ̀, ẹ fà á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tàbí ibi, ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí « pas » bá wà níbẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni ẹ fẹ́ kí ó mú, kí ni ẹ fẹ́ kí ó fi sílẹ̀.

Ní ti ìpàdé, n ó dìbò lòdì sí àbá náà, n ó sì dá òmíràn: pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní kíláàsì ìsinmi, kí a pín pátákó sí méjì, kí a kọ Yorùbá sí apá kan, Faransé sí apá kejì, kí a sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn fa ìlà láti ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. N kò béèrè owó. Ẹfun ìkọ̀wé wà nílé mi.

Mo sì bẹ bàbá tí ó mú ìwé ọmọ rẹ̀ wá pé kí ó má ṣe sọ ọ́ nù, kí ó mú un wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbólóhùn mẹ́rin yẹn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.